Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Ẹbí Olówó Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti nǹkan bí ọdún 1720 títí dé 1790, àṣà kan gbilẹ̀ láàárín àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ilé á gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán, ayàwòrán á sì kó gbogbo ẹbí sórí kánfáàsì kékeré kan: bàbá, ìyá, ọmọ, àna, ọ̀rẹ́, ajá, nígbà mìíràn ẹrú pẹ̀lú. Wọn kì í tò wọ́n bí ọmọ ogun. Ẹnì kan ń mu tíì, ẹnì kan ń ta káàdì, ẹnì kan ń ta fáólìn, ọmọdé ń fi ajá ṣeré. Conversation piece ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ńṣe ni ayàwòrán yà sílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe fàájì, tó sì yà wọ́n bó ṣe bá wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ṣèèṣì débẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó fún fọ́tò ẹbí rí níbi ìnáwó, tí gbogbo ilé wọ aṣọ ẹbí, tí oní-fọ́tò ń pariwo pé kí àbúrò ìyàwó sún sẹ́yìn kí Bàbá lè hàn, á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà, ife orí tábìlì, igi ẹ̀yìn ilé: ẹnì kan ló ronú sí i, ẹnì kan ló sì sanwó rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká mú lọ síwájú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló sanwó, níbo ni owó náà sì ti wá? Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ọ̀nà láti dé ibẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì sún mọ́ ọn

Ẹ má wọ mùsíọ́mù lọ pẹ̀lú èrò pé ẹ fẹ́ rí gbogbo nǹkan tán lọ́jọ́ kan. Àwòrán kan fún wákàtí kan tó. Fún ẹni tó ń gbé London, Tate Britain, National Gallery àti Victoria and Albert Museum ní èyí tó dára, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Walker Art Gallery ní Liverpool. Ní Amẹ́ríkà, Yale Center for British Art ní New Haven ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ yẹ ojú ìwé àwòrán náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó wà lára ògiri lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí wọ́n máa ń gbé wọn lọ síbi àtúnṣe tàbí kí wọ́n yá mùsíọ́mù mìíràn. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu kò pàdánù púpọ̀. Àwọn mùsíọ́mù yìí ti gbé ọ̀pọ̀ àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lè fi ìka fẹ òmíràn títí a ó fi rí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì. Ìkànnì Art UK náà kó àwọn àwòrán ọ̀dà tó jẹ́ ti ìjọba àti ti gbogbo ìlú ní Bìrìtéènì jọ sójú kan.

Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ẹni tó dúró nínú rẹ̀ kò sì ju ínǹṣì 12 sí 15 lọ. Àwòrán Mr and Mrs Andrews tí Thomas Gainsborough yà ní nǹkan bí ọdún 1750, tó wà ní National Gallery, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 69.8 ní gíga àti 119.4 ní fífẹ̀. Yàrá tí ẹbí ti ń jókòó ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́. Àwòrán gàgàrà ti àwọn baba ńlá ló ni gbọ̀ngàn. Nítorí náà, ẹ sún mọ́ ọn tó bí ẹni fẹ́ ka lẹ́tà. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, aṣọ nìkan lẹ máa rí.

Ẹ má tíì ka káàdì àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá bàbá ilé, lẹ́yìn náà àrólé

Bàbá ilé sábà máa ń dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣáájú èkejì, ọwọ́ kan wọnú wẹ́sìkóòtì láàárín bọ́tìnnì, ọwọ́ kejì wà lórí àga ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ìdúró bẹ́ẹ̀ ni, lọ́wọ́ olùkọ́ ijó. Ní 1737, François Nivelon tẹ ìwé alaláwòrán kan jáde ní London tó ń kọ́ ọmọ olówó bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń tẹríba àti bí a ṣe ń na nǹkan síni. Bí ẹ bá rí ìdúró kan náà lára ọkùnrin méjì tí wọn ò bá ara wọn tan, ẹ má ṣe yà lẹ́nu: ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ.

Ìyá sábà máa ń jókòó, aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀ á sì gba àyè ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ọmọ wá ni ìṣòro. Ọmọ tó wọ gáùn lè jẹ́ ọkùnrin, nítorí títí ọmọkùnrin fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí méje, gáùn bíi ti obìnrin ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé obìnrin ni. Ìlù, idà onígi tàbí ẹṣin onígi máa ń tọ́ka sí ọkùnrin. Èyí tó bá sún mọ́ bàbá jù lọ, tàbí tí ìyá ń fi ọwọ́ hàn wá, òun ni kí ẹ fura sí pé ó jẹ́ àrólé. Àna àti ọ̀rẹ́ ń bẹ ní igun. Bí àna bá wà láàárín gbùngbùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ló lówó jù nínú gbogbo wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tẹ̀lé ojú wọn

Ẹ fi ọkàn fa ìlà láti ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tó ń wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà náà kò kan ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó yẹ kó máa wo ọkọ rẹ̀ ń wo afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kí ló fà á? Wọn kò jókòó pọ̀ nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ bá ayàwòrán, á ya ojú, ojú náà lásán, wọ́n á sì máa lọ. Ara tó kù, ó di ọwọ́ rẹ̀. Ó lè gbé aṣọ wọ ọmọlangidi onígi kan tó ní oríkèé lápá àti lẹ́sẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́, kó sì ya aṣọ náà lára rẹ̀. Àwọn tó ń ya àwòrán ńlá tiẹ̀ ń gba ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ aṣọ nìkan. Joseph Van Aken tó kú ní 1749 gbajúmọ̀ ní London nítorí pé ó mọ ṣẹ́dà àti àrán kùn ju àwọn ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ fún un lọ.

Ẹni tí èyí hàn jù lára iṣẹ́ rẹ̀ ni Arthur Devis. Preston ní Lancashire ni wọ́n bí i sí ní 1712. Àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ gan pa, ọrùn gígùn, ojú kékeré, ọwọ́ tí kò mú nǹkan kan dáadáa. Ẹ ò ní pẹ́ rí i pé ọmọlangidi ló wà nínú aṣọ yẹn. Wọ́n ti bá aṣọ kan náà lára àwọn oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ará ilé kan náà. Ilé pàápàá kì í ṣe tiwọn nígbà mìíràn: nínú Mr and Mrs Atherton tó yà ní nǹkan bí ọdún 1743, tó wà ní Walker ní Liverpool, tọkọtìyàwó náà wà nínú yàrá gíga tó tutù lójú, èrò àwọn onímọ̀ sì ni pé inú orí Devis ni yàrá náà ti wá. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n Devis mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó á sanwó kí ilé òun lè tóbi lójú ọmọ ọmọ òun. Mo fẹ́ràn àwòrán rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Irọ́ wọn kò fara pa mọ́.

William Hogarth yàtọ̀. Ní 1729 ó bá Jane, ọmọ Sir James Thornhill tó jẹ́ ayàwòrán ọba, sá lọ ṣègbéyàwó láìgba àṣẹ bàbá rẹ̀. Ẹni tó gbé ìyàwó gbọ́dọ̀ jẹun, ló bá kọjú sí àwòrán ẹbí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nítorí ó jẹ́ ohun tuntun ló fi tà fún ọdún díẹ̀, àti pé owó rẹ̀ kò tó ná fún ilé. Àwọn ènìyàn Hogarth ń fi ọwọ́ àti èjìká sọ̀rọ̀. Nínú An Assembly at Wanstead House tó yà láàárín 1728 sí 1731, tó wà ní Philadelphia Museum of Art, ó kó èrò tìrìgbọ̀n-ọ́n jọ sí yàrá kan, síbẹ̀ ẹ ó rí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, ẹni tó ń fi káàdì ọwọ́ rẹ̀ han ayàwòrán, àti ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè bóyá gbogbo wọn wà láàyè

Àwòrán lè gba oṣù púpọ̀, ikú kì í sì í dúró de ayàwòrán. Ní 1732 Hogarth ya ẹbí Cholmondeley. Ìyá ilé, Mary, ọmọ Robert Walpole tó jẹ́ olórí ìjọba, jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Ó ti kú ní 1731. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ ó rí ọmọdé abìyẹ́ méjì tó ń fò lókè orí rẹ̀. Kò sí irú wọn lórí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Ní ìhà kejì, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ń ṣeré ìjàngbọ̀n, ọ̀kan fẹ́ fẹsẹ̀ gbá òkìtì ìwé ṣubú. Ọ̀fọ̀ àti eré ọmọdé wà lórí kánfáàsì kan náà, Hogarth kò sì gbìyànjú láti bá ọ̀kan wí nítorí èkejì.

Èkejì ni The Graham Children ti 1742, ní National Gallery. Ó tóbi ju ti ìdílé rẹ̀ lọ, sẹ̀ǹtímítà 160.5 sí 181, àwọn ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn gidi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Bàbá wọn, Daniel Graham, jẹ́ apòògùn ọba. Ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Thomas tó kéré jù sì ti kú kí àwòrán náà tó parí. Ẹ wo aago tó wà lẹ́yìn: Cupid, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, ló wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú dòjé ikú lọ́wọ́. Ológbò ti fi ẹ̀yìn àga dìde, ojú rẹ̀ ràn mọ́ ẹyẹ inú àgò. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ń yí àpótí orin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé orin òun ni ẹyẹ ń jó sí. Ẹyẹ ti rí ológbò ni.

Nítorí náà, ẹ wá àmì: abìyẹ́, aago, òdòdó tó ti rọ, àwòrán ẹlòmíràn lára ògiri nínú àwòrán náà. Ẹni tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ olóògbé tí wọn ò fẹ́ yọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka orí tábìlì

Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù. Ẹ lọ sí Victoria and Albert Museum, ẹ wá A Family of Three at Tea, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Richard Collins, nǹkan bí ọdún 1727. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọbìnrin kan, àti ohun èlò tíì oní-fàdákà lórí tábìlì. Ìkòkò tíì, ìkòkò omi gbígbóná, àgbá kékeré tí ewé tíì wà nínú rẹ̀, abọ́ ṣúgà, ẹ̀mú ṣúgà, àwo ṣíbí. Ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù ìyàwó: ẹni tó sanwó fẹ́ kí ẹ kà á. Ife wọn jẹ́ tánganran, kò sì ní ọwọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe rí. Ó gbóná. Ẹ wá wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe fi ìka mú tirẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ á jó ọwọ́ tàbí kó da tíì sára ṣẹ́dà. Nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n gbà di ife mú ń sọ pé wọ́n ti mọ tíì mu tipẹ́.

Ọ̀wọ́n gógó ni tíì lásìkò náà. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ ga débi pé kí òfin ọdún 1784 tó dín in kù, ó ti tó nǹkan bí ìdá 119 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà náà. Òfin ọ̀hún já a sí 12.5. Ìdí nìyẹn tí àpótí tíì fi máa ń ní kọ́kọ́rọ́, ìyá ilé ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń bu tíì fúnra rẹ̀ nígbà tí ìránṣẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìṣe nǹkan kan, ẹ ti rí ìdí.

Lẹ́yìn tíì, ṣúgà. Tíì ti Ṣáínà wá nínú ọkọ̀ East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Éṣíà. Ṣúgà ti erékùṣù Caribbean wá, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n kó ní etíkun wa. Abọ́ fàdákà kékeré yẹn kò ní ju ìka ọwọ́ lọ lórí kánfáàsì. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Àwọn yòókù ẹ lè tètè kọjá: kápẹ́ẹ̀tì Tọ́kì, àwo tánganran lórí ibi ìdáná, ohun èlò orin. Owó ni gbogbo wọn ń pè, wọ́n sì ń pè é bákan náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí wọ́n bá wà níta, ẹ wo ilẹ̀

Nínú Mr and Mrs Andrews, tọkọtìyàwó wà ní apá òsì lábẹ́ igi óókù. Ilẹ̀ ló ni gbogbo apá ọ̀tún. Robert gbé ìbọn sí abíyá, ajá ń wo ojú rẹ̀. Frances jókòó nínú gáùn aláwọ̀ búlúù, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́ni. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1748 ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní ìlú Sudbury ní Suffolk, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sì yọ lórí láàárín igi lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ wo ìtí àlìkámà àti pòròpórò tó wà níwájú. Ìlà wọn tò gbọọrọ, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbin ín, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń fi ọwọ́ fọ́n irúgbìn. Robert fẹ́ kí a mọ̀ pé àgbẹ̀ ìgbàlódé ni òun. Àgùntàn wà nínú ọgbà wọn.

Ẹ wá wá àwọn tó kórè. Kò sí ẹnì kan. Wọ́n ti gé àlìkámà, wọ́n ti dì í ní ìtí, oko sì dá páropáro bí ẹni pé ó fúnra rẹ̀ ṣe é.

Lórí itan Frances, àyè kan wà tí Gainsborough kò kùn parí. Ẹyẹ tí ọkọ yìnbọn pa ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀ ni àwọn kan ń sọ, àwọn mìíràn ní ọmọ tí wọ́n ń retí ni. Ẹ fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó gba ti ẹnikẹ́ni.

Yinka Shonibare, tí wọ́n bí ní London ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, dá tọkọtìyàwó yìí lóhùn ní 1998. Mr and Mrs Andrews Without Their Heads ni orúkọ iṣẹ́ náà, ó wà ní National Gallery of Canada ní Ottawa. Ìjókòó wà níbẹ̀, ìbọn wà, ajá wà, ṣùgbọ́n ère méjèèjì kò lórí, àǹkárá ni wọ́n fi rán aṣọ wọn. Àǹkárá tí à ń pè ní tiwa yìí, àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló wo àdìrẹ onída ti Indonéṣíà ṣe é, tí wọ́n wá tà á fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù ni pé Shonibare kò gbé ilẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka àwòrán Gainsborough dáadáa, ẹ ó mọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn ju orí lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá ẹni tí kò lórúkọ

Ó máa ń wà létí, nínú òjìji, tàbí lẹ́yìn àga. Ohun kan máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀: àwo, ìjánu ẹṣin, ọmọ ẹlòmíràn.

Ní Yale Center for British Art, àwòrán Elihu Yale wà, nǹkan bí ọdún 1719, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ John Verelst. Yale ti ṣe gómìnà fún East India Company ní Madras ní Íńdíà, òun ni Yale University ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ wíìgì jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú wáìnì. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró sí apá ọ̀tún, ó ń ṣe ìránṣẹ́ wọn. Aṣọ rẹ̀ pupa dáadáa. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ọrùn rẹ̀: ẹ̀gbà fàdákà ni, àgádágodo sì wà lára rẹ̀. Lókèèrè lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ilé náà ń ṣeré nínú ọgbà. Ní 2020 wọ́n gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri láti ṣe ìwádìí lé e lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e padà.

Ẹ fi wé The Strode Family tí Hogarth yà ní nǹkan bí ọdún 1738, ní Tate. Ìránṣẹ́ tó ń bu omi sí ìkòkò tíì níbẹ̀ jẹ́ òyìnbó, a sì mọ orúkọ rẹ̀: Jonathan Powell.

Johann Zoffany ni ẹ máa rí jù nígbà tí ẹ bá dé ìgbésẹ̀ yìí. Jámánì ni ó ti wá, ó dé London ní 1760, kò sì sí ẹni tó mọ aṣọ kùn tó o láàárín wọn. Àwòrán ẹbí Sir William Young tó yà ní ìparí àwọn ọdún 1760, tó wà ní Walker ní Liverpool, dà bí ọjọ́ orin: wọ́n wọ aṣọ àtijọ́ bíi ti ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, bàbá di gòjé ńlá mú. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ń di ọmọkùnrin kan mú lórí ẹṣin kó má ṣubú. Sir William ní oko ìrèké ní Caribbean, ó sì ṣe gómìnà Dominica. Lẹ́yìn náà Zoffany lọ sí Íńdíà láti 1783 sí 1789. Nínú Colonel Blair with his Family and an Indian Ayah (ayah ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ) ti 1786, ní Tate, ọmọbìnrin ará Íńdíà kan wà pẹ̀lú ẹbí náà, ó gbé ológbò dání. Gbogbo ará ilé ló lórúkọ, òun nìkan ni kò ní.

Kí ẹ má bàa rò pé mo ti dá gbogbo wọn lẹ́bi, Zoffany náà ló ya The Sharp Family láàárín 1779 sí 1781, tó ti pẹ́ tí wọ́n ti yá National Portrait Gallery. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ilé Sharp wà lórí ọkọ̀ wọn lórí odò Thames pẹ̀lú ohun èlò orin. Orí omi ni wọ́n ti máa ń ṣe agbo orin wọn. William, oníṣẹ́ abẹ ọba, ló gbé iṣẹ́ náà jáde. Granville àbúrò rẹ̀ wà láàárín wọn. Granville yìí ló dúró ti James Somerset, ẹrú tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi tipátipá gbé lọ sí Jàmáíkà, títí ilé ẹjọ́ fi dá a sílẹ̀ ní 1772. Òun náà ló wà lẹ́yìn ibùdó àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sàró ní 1787. Ibùdó náà kò tọ́jọ́, ṣùgbọ́n àyíká ibẹ̀ ni wọ́n tẹ Freetown dó sí ní 1792, Freetown yẹn kan náà ni wọ́n sì sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Sàró ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta lè lọ wo ọkọ̀ yẹn fún ìdí tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tọpa owó

Èyí gba kọ̀ǹpútà tàbí fóònù àti ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì Legacies of British Slavery ti University College London, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtéènì fòpin sí oko ẹrú ní 1833, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Àkọsílẹ̀ owó náà ló bí ìkànnì yìí, ó sì ní ìtàn àwọn oko pàápàá láti àwọn ọdún 1760. Ẹ tẹ orúkọ ìdílé síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: orúkọ kan náà kì í ṣe ènìyàn kan náà, ẹni inú àwòrán sì lè ti kú ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó san owó náà. Ẹ wá orúkọ oko, kí ẹ sì bá a bọ̀ láti bàbá sí ọmọ.

Èkejì ni ìwé ìhágún. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ní kóòtù Canterbury wà ní National Archives ní Kew, lábẹ́ àmì PROB 11, ẹ sì lè wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí oko tí wọ́n pín, fàdákà tí wọ́n pín, nígbà mìíràn orúkọ ìránṣẹ́ tí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún. Ìkọ̀wé ìgbà náà ṣòro kà. Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ àti iye owó, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Bí owó náà kò bá ti oko ìrèké wá, ẹ wo East India Company. Robert James tí Devis ya ẹbí rẹ̀ ní 1751, ní Tate, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ni. Ilé ìfowópamọ́, òwò aṣọ, owó ilẹ̀ náà wà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹrú, ẹ má sì fi tipátipá wá a níbi tí kò sí.

Ìgbésẹ̀ 9: Nísinsìnyí, ẹ ka káàdì náà

Bí ó bá ní attributed to, wọ́n gbà pé ayàwòrán náà ló yà á ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀rí tó dájú. Studio of túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. After jẹ́ àdàkọ tí ẹlòmíràn ṣe. Circa tàbí c. níwájú ọdún ń sọ pé ọdún náà lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má fi ṣírò ọjọ́ orí ọmọ kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ tí wọ́n kọ wé iye orí tí ẹ kà. Bí orí bá ju orúkọ lọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ keje. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí káàdì máa ń yí padà. Ìgbà kan wà tí orúkọ àwòrán Elihu Yale ń dárúkọ àwọn ọlọ́lá yí tábìlì ká, tó sì kàn pe ọmọ náà ní ìránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ pé ẹrú ni. Lẹ́yìn ìwádìí, ó di Elihu Yale with Members of his Family and an Enslaved Child. Àwòrán kan náà ni, kò sí ìlà búrọ́ọ̀ṣì kan tó yí padà lórí rẹ̀.